Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Ka Àmì àti Ọ̀dà Ara Bàálù Ìjà Amẹ́ríkà Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì

Ẹni tó bá ti wo fọ́tò bàálù ìjà Amẹ́ríkà ìgbà ogun Hitler á mọ̀ pé ara wọn kún fún ọ̀rọ̀: ìràwọ̀, lẹ́tà, nọ́ńbà, imú pupa, ìrù yẹ́lò, orúkọ obìnrin. Kò sí èyí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán níbẹ̀, àfi orúkọ àwọn obìnrin yẹn, bóyá. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. «Ọ̀wọ́» ni mo ń pe squadron, èyí tó sábà máa ń gbé bàálù 16 jáde lẹ́ẹ̀kan náà. «Ẹgbẹ́» ni mo ń pe group, ìyẹn ọ̀wọ́ mẹ́ta lábẹ́ ọ̀gá kan.

Mo rí fọ́tò kan, n kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìràwọ̀ ni. Ìràwọ̀ kì í sọ ẹni tó ni bàálù fún yín, àmọ́ ó máa ń sọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò, ẹni tí kò bá sì mọ ìgbà, gbogbo ìyókù ló máa dàrú mọ́ ọn lójú.

Títí di oṣù karùn-ún ọdún 1942, róbótó búlúù ni àmì náà, ìràwọ̀ funfun wà nínú rẹ̀, róbótó pupa kékeré sì wà láàrin ìràwọ̀. Láti oṣù karùn-ún yẹn ni wọ́n ti yọ pupa kúrò. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 1943, wọ́n fi ọ̀pá funfun kọ̀ọ̀kan kún un lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n sì fi ìlà pupa yí gbogbo rẹ̀ ká. Ìlà pupa yìí kò pẹ́ rárá. Kí oṣù kẹjọ ọdún yẹn tó parí, àṣẹ ti jáde pé kí wọ́n fi búlúù pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí ogun fi parí. Bí ẹ bá rí ìlà pupa nínú ọ̀pá funfun fúnra rẹ̀, ogun ti tán nìyẹn. Oṣù kìíní ọdún 1947 ni wọ́n fi í síbẹ̀.

Àmọ́ o, àṣẹ láti Washington àti búrọ́ọ̀ṣì mẹkáníìkì kì í délé lọ́jọ́ kan náà. Bàálù tó wà ní erékùṣù jíjìn lè gbé àmì àtijọ́ kiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn mìíràn ní Pàsífíìkì kò tilẹ̀ fi ìlà pupa yẹn sára rí. Nítorí náà, ìràwọ̀ ń sọ ìgbà tí fọ́tò kò lè ṣáájú. Kì í sọ ọjọ́ gan-an.

Kí ni pupa àárín ìràwọ̀ ṣe tí wọ́n fi yọ ọ́?

Róbótó pupa ni àmì bàálù Japan. Ẹni tó wà nídìí ìbọn lórí ọkọ̀ ojú omi, tí bàálù ń já bọ̀ wá bá a, kò ráyè ka igun ìràwọ̀. Pupa ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá. Ìlà pupa àti funfun 13 tó máa ń wà lára ìtọ́kọ̀ ìrù náà bá a lọ.

Mo rí ìràwọ̀ tí wọ́n fi òrùka yẹ́lò yí ká. Irọ́ ni àbí òótọ́?

Òótọ́ ni. Ìgbà tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Àríwá Áfíríkà lóṣù kọkànlá ọdún 1942 ni ẹ ti máa rí i jù.

Lẹ́tà ńlá mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bàálù ńkọ́?

Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà ti kọ́ ọ nígbà tí wọ́n dé Ìlú Ọba. Lẹ́tà méjì tó wà pa pọ̀ jẹ́ ti ọ̀wọ́. Ẹyọ kan tó dá dúró lódìkejì ìràwọ̀ jẹ́ ti bàálù náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo VF-T: VF ni Ọ̀wọ́ 336 nínú Ẹgbẹ́ 4 ní pápá Debden ní Ìlú Ọba, T sì ni P-51B, irú bàálù ìjà Amẹ́ríkà kan, tí Don Gentile ń wà, èyí tí wọ́n kọ Shangri-La sí nímú. Àwọn ọ̀wọ́ kan ní nọ́ńbà nínú tiwọn: G4, B6 àti C5 jẹ́ ti Ẹgbẹ́ 357 ní Leiston, 5Q àti 6N sì jẹ́ ti Ẹgbẹ́ 339 ní Fowlmere.

Kí ni ìlà kékeré tó máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà tó dá dúró?

Lẹ́tà 26 péré ló wà, àwọn ọ̀wọ́ kan sì ní bàálù tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ogun ń lọ sópin. Bí T bá ti wà, T kejì á gba ìlà lábẹ́ tàbí lókè. Ìlà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò, wọ́n á wá máa jà pé fọ́tò méjì kò bára mu, nígbà tó jẹ́ pé bàálù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wò.

Mo ti rí QP lára bàálù kan. Ẹgbẹ́ 4 nìyẹn, àbí?

Ẹ rọra. Ibi tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ti máa ń ṣubú nìyí.

QP, WD àti VF ni àmì ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú Ẹgbẹ́ 4. Òun kan náà ni àmì ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú Ẹgbẹ́ 52. Kò tán síbẹ̀. MX, HL àti WZ jẹ́ ti Ẹgbẹ́ 78 ní Duxford, wọ́n sì tún jẹ́ ti Ẹgbẹ́ 31. Bí ẹ bá pariwo «Táíwò!» láàrin ọjà Ìgbó-Ọrà, ẹ ó rí i bí orí tó máa yíjú sí yín ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà méjì yìí rí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ta kókó. Ẹgbẹ́ 31 àti Ẹgbẹ́ 52 kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba lọ́dún 1942, wọ́n ń fi Spitfire Gẹ̀ẹ́sì jà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba lẹ́tà wọn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n kó wọn lọ sí Àríwá Áfíríkà, wọ́n gbé lẹ́tà wọn dání. Lẹ́tà kan náà tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà láti Ìlú Ọba. Kò dun ẹnikẹ́ni nígbà náà, torí òkun wà láàrin wọn. Àwa tó ń wo fọ́tò lónìí ló ń pa lára, nítorí pé láti ìgbà ìrúwé ọdún 1944, P-51 ni Ẹgbẹ́ 4 ń gbé jáde ní Ìlú Ọba, P-51 náà sì ni Ẹgbẹ́ 52 ń gbé jáde ní Ítálì.

Ìrù ni kí ẹ wò. Ẹgbẹ́ 52 kun gbogbo ìrù ní yẹ́lò. Ẹgbẹ́ 31 fa ìlà pupa dàgbálẹ̀-dàgbálẹ̀ sí ìrù tirẹ̀. Ẹgbẹ́ 78, imú rẹ̀ ni kí ẹ lọ: igun mẹ́rin kéékèèké, dúdú kan, funfun kan. Ẹgbẹ́ 4 ní imú pupa, àmọ́ ẹ má fi imú nìkan pinnu, torí ọ̀pọ̀ bàálù Ẹgbẹ́ 52 náà ní pupa nímú. QP, imú pupa, tí ìrù rẹ̀ kò sí nínú fọ́tò? N kò ní í fi owó mi ta tẹ́tẹ́ lórí ìyẹn.

Èyí ni mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má gba àmì kan ṣoṣo gbọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Imú aláwọ̀ yìí, ẹgbẹ́ wo ló ni èwo?

Bàálù ìjà tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ogun òfurufú Amẹ́ríkà kẹjọ ní Ìlú Ọba ni mo ń sọ o, kì í ṣe gbogbo ayé. Oṣù kẹta ọdún 1944 ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí bàálù ọgọ́rọ̀ọ̀rún bá dá gìrìgìrì lójú ọ̀run, awakọ̀ kò lè ráyè ka lẹ́tà, àmọ́ ó lè rí àwọ̀.

Pupa ni ti Ẹgbẹ́ 4, pupa náà ni ti Ẹgbẹ́ 56. Wọn kò ṣì ara wọn mú: láti oṣù kejì ọdún 1944 ni Ẹgbẹ́ 4 ti bọ́ sínú P-51 onímú ṣóṣóró, Ẹgbẹ́ 56 sì di P-47 onímú gbàǹgbà mú títí ogun fi parí. Búlúù ni ti Ẹgbẹ́ 352 ní Bodney, funfun ni ti Ẹgbẹ́ 355 ní Steeple Morden, àwọ̀ ewé ni ti Ẹgbẹ́ 359, yẹ́lò ni ti Ẹgbẹ́ 361.

Àwọn alájọpọ̀ àwọ̀ ló máa ń fi fọ́tò dúdú-funfun dààmú ènìyàn. Igun mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n, àmọ́ pupa àti yẹ́lò ni ti Ẹgbẹ́ 357, dúdú àti yẹ́lò ni ti Ẹgbẹ́ 353, pupa àti funfun ni ti Ẹgbẹ́ 339, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò sì ni ti Ẹgbẹ́ 55. Ẹgbẹ́ 20 yàn láti fa ìlà dúdú àti funfun dípò igun mẹ́rin, Ẹgbẹ́ 364 fa ìlà búlúù àti funfun. Ẹgbẹ́ 356 fi igun búlúù sórí pupa, èmi sì rò pé òun ló rẹwà jù nínú gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ 479 kò kun imú rárá. Ìtọ́kọ̀ ìrù ni wọ́n kùn.

Ìtọ́kọ̀ ìrù ló ń sọ ọ̀wọ́ bí imú bá ti sọ ẹgbẹ́. Nínú Ẹgbẹ́ 56, pupa ni ti Ọ̀wọ́ 61, yẹ́lò ni ti Ọ̀wọ́ 62, búlúù ni ti Ọ̀wọ́ 63. Lẹ́tà wọn ni HV, LM àti UN. Bí lẹ́tà bá wá sọ LM tí ìtọ́kọ̀ sì pupa, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀: bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bàálù náà lọ́wọ́ ọ̀wọ́ mìíràn ni, bóyá ẹni tó tún fọ́tò náà kùn lónìí ni kò bìkítà.

Nọ́ńbà gígùn tó wà níbi ìrù, kí ló wúlò fún?

Òun ni orúkọ gidi bàálù náà. Lẹ́tà lè yí, awakọ̀ lè yí, ọ̀dà lè yí, ẹgbẹ́ pàápàá lè yí. Nọ́ńbà kì í yí. Ọdún tí wọ́n buwọ́ lu owó rẹ̀ ló ṣáájú, wọ́n sì máa ń yọ 4 àkọ́kọ́ kúrò. Nítorí náà, 413410 lára ìrù túmọ̀ sí 44-13410, ìyẹn bàálù inú ìṣúná ọdún 1944. Láti ibẹ̀, ẹ lè mọ irú bàálù náà gan-an: P-51D tí nọ́ńbà rẹ̀ wà láàrin 44-13253 àti 44-14052 jẹ́ irú D-5, tí wọ́n ṣe ní Inglewood ní California.

Nǹkan tí nọ́ńbà lè ṣe hàn gbangba lọ́dún 2024. Richard Bong, tí bàálù ọ̀tá 40 tó já lulẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀, tí kò sì sí ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn tó tó bẹ́ẹ̀, ní P-38J kan tó lẹ fọ́tò ńlá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mọ́ nímú, Marge. Awakọ̀ mìíràn ló wà nínú bàálù náà nígbà tó já sínú igbó Papua New Guinea lóṣù kẹta ọdún 1944. Nígbà tí àwọn tó ń wá a dé ibẹ̀, fọ́tò Marge ti jẹrà tipẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni etí apá bàálù kan tí wọ́n tẹ 993 sí lára, nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú 42-103993.

Kí ló dé tí àwọn kan jẹ́ àwọ̀ ewé, tí àwọn kan sì ń dán bí irin ìhòòhò?

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, ilé iṣẹ́ ń kun òkè bàálù ní àwọ̀ ewé tó ṣú, tó fẹ́ jọ àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n ń kun abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Wọ́n fẹ́ kó fara pa mọ́. Nígbà tó yá, Amẹ́ríkà ti di ẹni tó ń wá ọ̀tá kiri, kò tún sá pa mọ́ mọ́. Ọ̀dà wúwo, ó ń dín eré kù, ó sì ń gba àkókò. Láti oṣù kejì ọdún 1944 ni wọ́n ti ń gbé e jáde láìkùn. Díẹ̀ tó kù ni ìlà àwọ̀ ewé tó wà lórí imú níwájú gíláàsì, kí oòrùn má baà tàn padà sójú awakọ̀.

Ẹ má wá rò pé irin ìhòòhò ló kẹ́yìn, àwọ̀ ewé ló ṣáájú, kó sì parí. Lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Normandy ní etíkun Faransé, àwọn ẹgbẹ́ kan ní Ìlú Ọba tún padà kun òkè bàálù tuntun wọn, torí wọ́n ń retí pé àwọn máa lọ sùn ní pápá Faransé, níbi tí Jámánì ti lè wá bá wọn lórí ilẹ̀. Ẹgbẹ́ 357 ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Bud Anderson wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. P-51D rẹ̀, Old Crow, B6-S, nọ́ńbà 44-14450, jẹ́ àwọ̀ ewé. Nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀ ní ìgbà òtútù, ó sọ fún àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ pé bóyá irin ìhòòhò ló máa dára jù báyìí, ó ní kí wọ́n ṣe é nígbà tí wọ́n bá ráyè. Ilẹ̀ mọ́, ó bá bàálù rẹ̀ tó ń dán. Wọn kò sùn; àkísà tí wọ́n rẹ sínú epo bẹntiróòlù ni wọ́n fi nu ọ̀dà kúrò lóru, ọwọ́ wọn sì ti bó. Nítorí náà, Old Crow aláwọ̀ ewé àti Old Crow onírin jẹ́ òótọ́ méjèèjì, bàálù kan náà sì ni. Ní ti orúkọ yẹn, Anderson máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í mutí pé ẹyẹ tó gbọ́n jù lójú ọ̀run lòun sọ ọ́ ní. Àwọn tó ń mutí mọ̀ pé ọtí olówó pọ́ọ́kú kan ni.

Ìlà dúdú àti funfun ńlá tó yí apá àti ara ká ńkọ́?

Ti ìgúnlẹ̀ Normandy nìyẹn, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1944. Ìlà márùn-ún ni, funfun mẹ́ta, dúdú méjì. Ínǹṣì 18 ni fífẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan lára bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan, ínǹṣì 24 lára ẹlẹ́ńjìnnì méjì irú P-38.

Ohun tó bí i kò dùn. Lóru ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 1943, bàálù akérò Amẹ́ríkà 144 ń kó ọmọ ogun lọ sí Sísílì. Àwọn ọkọ̀ ojú omi wọn fúnra wọn àti ìbọn orí ilẹ̀ wọn dojú ìjà kọ wọ́n nínú òkùnkùn, 23 ló ṣòfò. Nígbà tí ti Normandy wá dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ irú ìròyìn yẹn mọ́.

Wọ́n fi àṣírí bo àwòṣe náà títí ó fi ku ọjọ́ díẹ̀, kí Jámánì má baà rí i fi ṣe ẹ̀tàn. Ìdí nìyẹn tí ìlà àwọn bàálù kan fi wọ́: búrọ́ọ̀ṣì, ìgbálẹ̀, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ ni wọ́n fi kùn ún lọ́sàn-án àti lóru. Bí ẹ bá rí àwòrán tuntun tí ìlà rẹ̀ gún régé bí ìlà rúlà, ẹni tó yà á kò wo fọ́tò ọjọ́ náà dáadáa. Láti oṣù keje, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti òkè rẹ́. Ti abẹ́ pẹ́ díẹ̀, kí ọdún náà tó parí òun náà lọ.

Mo tún rí ọ̀já funfun tóóró lára imú, apá àti ìrù. Ṣé òun náà ni?

Rárá, èyí ti ṣáájú. P-47 jọ Focke-Wulf 190 Jámánì lójú ẹni tó bá kánjú, nítorí náà wọ́n fi ọ̀já funfun sí P-47 níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1943. P-51 jọ Messerschmitt 109, wọ́n ṣe tirẹ̀ náà. Nígbà tí P-51 onírin ìhòòhò dé, ọ̀já náà di dúdú kó lè hàn.

Àmì kò sì gba gbogbo ènìyàn là. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1944, George Preddy láti inú Ẹgbẹ́ 352 ń lé Focke-Wulf kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí Liège. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìnbọn sí ọ̀tá tó wà níwájú, ìbọn náà bá òun tó wà lẹ́yìn. Ó kú.

Ìrù pupa: ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn?

Bí ìrù pátá bá pupa láìsí ìlà, tí bàálù náà sì jẹ́ P-51 ní Ítálì láti oṣù keje ọdún 1944, Ẹgbẹ́ 332 nìyẹn, àwọn awakọ̀ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ́ ní Tuskegee ní Alabama. Benjamin O. Davis Kékeré ni ọ̀gá wọn, Ramitelli ni pápá wọn. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni wọ́n ní dípò mẹ́ta: 99, 100, 301 àti 302. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sin àwọn bàálù ajubọ́ǹbù lọ, kí wọ́n sì sìn wọ́n bọ̀, ìrù ni àwọn ajubọ́ǹbù yẹn sì fi ń dá wọn mọ̀.

Ìrù ni wọ́n fi ń mọ gbogbo ẹgbẹ́ ní Ítálì: ìlà pupa ti 31, yẹ́lò ti 52, igun dúdú àti yẹ́lò ti 325, pupa gbogbo ti 332. Ẹ ṣọ́ra fún ìlà pupa Ẹgbẹ́ 31 nínú fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀. Wọ́n ti tà á fún ọ̀pọ̀ ènìyàn gẹ́gẹ́ bíi Tuskegee.

Eyín àti ẹnu ẹja àkúràkudà tó wà nímú P-40: ti ta ni?

Kì í ṣe àmì ọ̀wọ́ kan. Àwọn Jámánì kan tó ń wa Messerschmitt 110 ló yà á ṣáájú, Ọ̀wọ́ 112 ti Gẹ̀ẹ́sì ní aṣálẹ̀ Áfíríkà wò ó lára wọn, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí Claire Chennault kó lọ jà fún Ṣáínà sì rí fọ́tò ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá di olókìkí ju gbogbo wọn lọ. Àwọn yẹn kò tilẹ̀ lo ìràwọ̀ Amẹ́ríkà. Oòrùn Ṣáínà onígun 12 ló wà lápá wọn. Ọ̀já tóóró tó yí ara ká nítòsí ìrù ló ń sọ ọ̀wọ́ wọn: funfun ni kìíní, búlúù ni kejì, pupa ni kẹta. Oṣù kejìlá ọdún 1941 ni ìjà wọn àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1942 ni wọ́n tú ká, Ẹgbẹ́ 23 sì gba ìjókòó wọn, eyín àti gbogbo rẹ̀.

Ti ọmọ ogun ojú omi ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá nìyẹn, mi ò ní í ṣe é tán níbí. Ní kúkúrú: búlúù tó dà bí eérú lókè, eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́, títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1943, lẹ́yìn náà, búlúù tó ṣú lókè, búlúù tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, funfun lábẹ́, láti ọdún 1944, búlúù ṣíṣú tó ń dán ní gbogbo ara. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, ọkọ̀ ojú omi agbébàálù kọ̀ọ̀kan gba àmì tirẹ̀ sí ìrù bàálù rẹ̀, bí ọfà funfun ti ọkọ̀ Bunker Hill tó kọjú sókè. Wọ́n ṣòro láti ṣàlàyé lórí rédíò, wọ́n sì fi lẹ́tà pààrọ̀ wọn lóṣù keje.

Àwọn àgbélébùú kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ṣé iye bàálù tó já lulẹ̀ ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka kẹjọ ń ka bàálù tí wọ́n bá jó lórí ilẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n já lójú ọ̀run. Ẹni tó bá ka àgbélébùú, tó wá fi wé ìwé, tó rí i pé iye kò dọ́gba, kó kọ́kọ́ rántí èyí kó tó pe awakọ̀ náà ní òpùrọ́. Ẹ tún wo apá ọ̀tún imú, orúkọ tí ẹ máa rí níbẹ̀ lè jẹ́ ti mẹkáníìkì tàbí ti ìyàwó rẹ̀. Òun náà lẹ́tọ̀ọ́. Ó ń bá bàálù gbé ju awakọ̀ lọ.

Fọ́tò dúdú-funfun ni mo ní. Ṣé mo lè mọ àwọ̀?

Díẹ̀díẹ̀. Oríṣi fíìmù kan wà láyé ìgbà yẹn tí kì í rí pupa: pupa á ṣú bí dúdú, yẹ́lò náà á ṣú, búlúù á sì mọ́lẹ̀ jù. Ẹ lọ wo róbótó búlúù ìdí ìràwọ̀, àwọ̀ tí a mọ̀ dájú. Bí ó bá fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́nà tó yà yín lẹ́nu, fíìmù yẹn ni, ẹ má sì gba ojú yín gbọ́ lórí pupa àti yẹ́lò nínú fọ́tò náà. Nọ́ńbà yẹ́lò lára ìrù aláwọ̀ ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn.

Ṣé bàálù ìjà Amẹ́ríkà kankan gba ọ̀dọ̀ wa kọjá?

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń to bàálù pọ̀ ní Takoradi ní Gold Coast, wọ́n á fò wá sí Èkó, wọ́n á gba Kano àti Maiduguri, wọ́n á sì máa lọ títí dé Káírò. P-40 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà wà lára wọn. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje ọdún 1942, P-40 méjìléláàádọ́rin ti Ẹgbẹ́ 57 gbéra láti orí ọkọ̀ Ranger lójú agbami, wọ́n bà sí Accra, wọ́n sì gba orí ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá lọ sójú ogun ní Íjíbítì. Àwọ̀ yanrìn tó fẹ́ pọ́n ni wọ́n, ìràwọ̀ Amẹ́ríkà wà lára wọn, àwọn kan sì tún gba àmì àwọ̀ mẹ́ta Gẹ̀ẹ́sì sí ìrù nígbà tí wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà pọ̀ ní aṣálẹ̀.

Àwọn P-51 tó ṣì ń fò níbi àfihàn lónìí, ṣé mo lè fi wọ́n kọ́ àwọ̀?

Ẹ fi wọ́n gbádùn ojú yín. Púpọ̀ nínú wọn kò jagun rí lábẹ́ orúkọ tó wà lára wọn; onílé ló yan akọni tó wù ú, ó sì kun bàálù rẹ̀ bí tirẹ̀. Ọ̀dà wọn ń dán jù, etí ìlà wọn mọ́ jù. Ẹ wá nọ́ńbà gidi rẹ̀, ẹ ó sì rí ìtàn mìíràn.

Lou IV ńkọ́: búlúù ni òkè rẹ̀, àbí àwọ̀ ewé?

Mo mọ̀ pé ẹ ó bèèrè. Lóṣù keje ọdún 1944, wọ́n ya P-51 mẹ́rin Ọ̀wọ́ 375, Ẹgbẹ́ 361, láti Bottisham, ní fọ́tò aláwọ̀ lójú òfurufú. E2-C ló wà níwájú, Lou IV, nọ́ńbà 413410, ti ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, Thomas Christian, ẹni tó kú nítòsí Arras lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹjọ. Òkè bàálù náà dà bíi búlúù lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, iyàn náà kò sì tíì parí láti ìgbà náà.

Èmi gbà pé àwọ̀ ewé ni. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ni Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní lọ́wọ́ jù ní Ìlú Ọba, òun náà ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń kùn sókè bàálù wọn ní oṣù yẹn, òfurufú gíga àti ẹ̀dà fọ́tò tí wọ́n tún tẹ̀ léraléra sì máa ń ti àwọ̀ ewé ṣíṣú sápá búlúù. Àwọn tó gbà pé búlúù ni kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n máa ń nàka sí róbótó ìràwọ̀ nínú fọ́tò kan náà pé àwọ̀ rẹ̀ àti ti òkè apá sún mọ́ra. Ẹ wá ẹ̀dà tó dára jù tí ọwọ́ yín bá lè tẹ̀, ẹ gbé róbótó ìràwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè apá, ẹ wo ibi tí oòrùn bà dọ́gba lára méjèèjì, kì í ṣe ibi tí òjìji wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bá mi jiyàn.